Ẹ̀fọn Dé Orí Òkè Kathmandu: Ta Ló Gbé E Gòkè?

ÌBÉÈRÈ

Dókítà, láti ìlú Jos ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ta aṣọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ṣòwò níhìn-ín kí wọ́n tó bí mi.

Ọmọ mi obìnrin, Ọlá, ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní Kathmandu, olú ìlú Nepal. Ó ti lé ní ọdún kan tó ti wà níbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ lọ, ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé orí òkè ni wọ́n ń gbé, pé òtútù ń mú níbẹ̀, pé wọ́n tilẹ̀ ń rí òkè tí yìnyín bò láti ojú fèrèsé. Mo ní, ó dára, ó kéré tán ọmọ mi yóò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀fọn.

Ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá ló pè mí lóru. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ibà ti dá a gúnlẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ẹyinjú ń ro òun, ó ní gbogbo oríkèé ara òun dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọmọ odó gún un. Mo ní kó lo oògùn ibà tó gbé láti ilé, kó sì fi oògùn ara ríro tó lágbára kún un. Ọjọ́ kejì ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kì í ṣe ibà tí a mọ̀, dẹ́ńgì ni wọ́n ń pè é, ẹ̀fọn ló sì gbé e wá. Wọ́n ní kó da oògùn tí mo ní kó lò nù. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ wá ń gún ewé ìbẹ́pẹ fún un mu. Ó ti gbádùn báyìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín pọ̀. Ṣé ẹ̀fọn tún ń gun òkè ni? Bàbá mi kò ta àwọ̀n ẹ̀fọn rí ní Jos, ó ní ọyẹ́ ni àwọ̀n tiwa. Ṣé omi ewé ìbẹ́pẹ ló wo ọmọ mi sàn? Kí ni àṣìṣe mi nínú oògùn tí mo ní kó lò? Ọlá sì ń bọ̀ wálé ní Kérésì: ṣé kò ní kó àìsàn náà ràn wá, pàápàá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún méjì? Ṣé kí n tilẹ̀ jẹ́ kó padà síbẹ̀?

Ìyá Ọlá, Jos


ÌDÁHÙN

Ìyá Ọlá, ẹ kú ewu o. Ọlọ́run tó yọ Ọlá yóò máa bá yín ṣọ́ ọ. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rín sì pa mí níbi tí ẹ ti ní ó kéré tán ọmọ yín yóò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀fọn. Kì í ṣe pé mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí àwa tí a fi ẹ̀fọn ṣe iṣẹ́ ṣe pàápàá ń sọ nìyẹn nígbà tí mo ṣì wà ní ọ̀dọ́. Nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa, wọ́n fa ìlà kan sára òkè, wọ́n ní ẹ̀fọn kì í kọjá ibẹ̀. Ẹ̀fọn kò ka ìwé náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó lè gba ẹ̀mí, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Oògùn ara ríro tí ẹ ní kó lò, bí ó bá jẹ́ ibuprofen, tàbí diclofenac, tàbí aspirin, òun ni wọ́n ṣe ní kó dà á nù. Kò sí ìyá tí kò ní ṣe bí ẹ ti ṣe. Nílé wa, bí ara bá ń ro ènìyàn, ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ là ń nawọ́ sí. Àmọ́ dẹ́ńgì ní ìwà kan tó yẹ ká bẹ̀rù. Ó ń dín èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù, ó sì ń jẹ́ kí omi inú ẹ̀jẹ̀ máa jò jáde láti inú iṣan. Àwọn oògùn tí mo dárúkọ yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, wọ́n sì lè mú kí ikùn máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ wá fi méjèèjì pọ̀. Paracetamol nìkan ni kí ẹni tí wọ́n bá fura pé ó ní dẹ́ńgì lò fún ibà àti ara ríro, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ lé. Kó sì máa mu omi, omi iyọ̀ àti ṣúgà, omi èso, ohunkóhun tó bá ti lè dúró nínú rẹ̀.

Ohun kejì tó ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé ìgbà tí ara bá ń gbóná janjan kọ́ ni ẹ̀rù ń bà wá jù. Ìgbà tí ibà bá fẹ́ lọ ni. Láti nǹkan bí ọjọ́ kẹta sí ìkeje, ara á tutù, gbogbo ilé á ní ọpẹ́ o, wọ́n á lọ sùn. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kí ojú wọn là. Bí inú bá ń run ún gidigidi, bí ó bá ń bì léraléra, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní èrìgì tàbí nímú, bí ó bá rẹ̀ ẹ́ débi pé kò fẹ́ dá yín lóhùn, ilé ìwòsàn ni, lóru lóru, kò gbọ́dọ̀ di òwúrọ̀. Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì yìí fúnra rẹ̀. Omi tí a fún ènìyàn ní ìwọ̀n tó yẹ, pẹ̀lú ojú tó ń ṣọ́ ọ, ló ń gba ẹ̀mí là.

Nítorí náà, ní ti ewé ìbẹ́pẹ, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ó dùn mọ́ mi pé ewé tí àwa ń sè mọ́ àgbo ibà ni wọ́n ń gún ní India àti Nepal pẹ̀lú, láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ ẹnì kejì. Àwọn kan ti yẹ̀ ẹ́ wò pé bóyá ó ń jẹ́ kí èròjà ẹ̀jẹ̀ dídì padà kíákíá, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá mu ún tó sì lọ sí ilé ìwòsàn, kò ṣẹ̀. Ẹni tó mu ún tó ní òun kò lọ mọ́, òun ni mò ń bẹ̀rù fún.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún Ọlá létí, kó má gbàgbé. Ọmọ ìyá mẹ́rin ni fáírọ́ọ̀sì dẹ́ńgì. Èyí tó bá a jà kò tún ní lè bá a jà mọ́, ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yòókù bá tún kọ lù ú, ara tó ti mọ ti àkọ́kọ́ máa ń ṣìṣe: ó máa ń ki èyí tuntun bí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí, ó sì máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló sábà máa ń le. Ẹni tó bá ní òun ti ní dẹ́ńgì rí, ẹ̀rù ẹ̀fọn kò bà òun mọ́, kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gun òkè.

Ilẹ̀ Nepal dà bí àtẹ̀gùn. Ní gúúsù, lẹ́bàá ààlà India, pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbígbóná kan wà tí wọ́n ń pè ní Terai. Láti ibẹ̀, ilẹ̀ ń ga sókè, òkè kéékèèké, lẹ́yìn náà òkè ńláńlá, títí dé ibi tí yìnyín kì í ti í tán. Láyé àtijọ́, ibà ló ń ṣọ́ Terai bí ajá. Aulo ni wọ́n ń pè é, máláríà tí àwa náà mọ̀ ni. Àwọn Tharu, onílẹ̀ ibẹ̀, ti bá a gbé pẹ́ débi pé kò fi bẹ́ẹ̀ rí wọn gbé ṣe. Ṣùgbọ́n ará òkè tó bá sùn síbẹ̀ nígbà ooru, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá ná ọjà nígbà òtútù, wọ́n á sì ti kẹ́rù padà sókè kí ooru tó mú. Ìgbà tí wọ́n fi oògùn DDT gbógun ti ẹ̀fọn láti àwọn ọdún 1950 síwájú ni àwọn ará òkè tó rọ́ wá sí àfonífojì Chitwan, tí wọ́n wá ń dáko níbẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe rí nígbà náà: ènìyàn ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ibà. Ibà kì í gòkè wá bá ènìyàn.

Láyé ìgbà náà, títì kankan kò wọ Kathmandu láti ìta. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí àwọn ọlọ́lá ìlú ń gùn, àwọn alárù ni wọ́n so ó mọ́ ọ̀pá gígùn, tí wọ́n gbé e léjìká gba orí òkè kọjá. Àwòrán rẹ̀ wà, mo máa ń wò ó tí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín: ọ̀pọ̀ ọkùnrin lábẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà lófuurufú. Ní 1956 ni títì Tribhuvan so Kathmandu mọ́ ẹ̀gbẹ́ India. Láti ọjọ́ náà ni táyà ti ń kan ilẹ̀. Ìyá Ọlá, ọ̀rọ̀ táyà yìí gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè yín.

Ẹ̀fọn tó ń gbé dẹ́ńgì kì í ṣe èyí tó ń kọrin síni létí lóru. Aedes aegypti ni àwa oníṣẹ́ ń pè é, ẹ sì ti rí i rí: ó dúdú, ó sì ní ilà funfun lẹ́sẹ̀ bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ abilà. Ọ̀sán ló ń jẹun, pàápàá ní kùtùkùtù àti nígbà tí oòrùn bá ń lọ sílẹ̀. Kì í wá gọ́tà tó ń rùn. Omi tó mọ́, tó dúró sínú nǹkan, ló ń wá: àgbá, tánkì, ìkòkò, agolo, táyà. Kì í sì í fò jìnnà. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó ṣòro kó fi ju 400 mítà lọ kúrò níbi tí wọ́n gbé bí i. Ẹ wá sọ fún mi, kòkòrò tí kò lè fò láti ilé yín dé ṣọ́ọ̀bù yín, báwo ló ṣe gun òkè 1,400 mítà?

Ẹyin rẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀. Kì í yé e sáàárín omi. Ara ògiri inú àgbá tàbí inú táyà, díẹ̀ sókè ojú omi, ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí omi bá gbẹ, ẹyin náà kò kú. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀, bí èso tó wà nínú ilẹ̀ tó ń retí òjò. Ẹ gbé irú táyà bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù ní ẹnubodè India, ẹ wà á gòkè, ẹ jù ú sẹ́yìn ìsọ̀ fọkanáísà kan ní Kathmandu, kí òjò kan ṣoṣo rọ̀ sínú rẹ̀. Ẹ̀fọn ti dé nìyẹn, kò lo ìyẹ́ kankan. Ìbátan rẹ̀ kan láti ilẹ̀ Éṣíà, tí òun náà ń gbé dẹ́ńgì, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe bá a ní Houston ní Amẹ́ríkà ní 1985, táyà àlòkù tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wọlé ni wọ́n sì ká ẹ̀sùn mọ́ lọ́wọ́.

Kí a tó dá ará Nepal lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ ká rántí ilé. Ilẹ̀ Áfíríkà ni baba ńlá ẹ̀fọn yìí ti ṣẹ̀. Àgbá omi inú àwọn ọkọ̀ tó kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Cuba àti Brazil ló bá sọdá òkun. Ní Havana, ní 1881, dókítà kan tó ń jẹ́ Carlos Finlay dìde, ó ní ẹ̀fọn yìí ló ń gbé ibà pọ́njú láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n fi fi í rẹ́rìn-ín kí àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà tó yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Kò sí ìgbà kan tí ẹ̀fọn yìí dá rìnrìn àjò gígùn. Ẹrù ọmọ aráyé ló ń gùn.

Àmọ́ kí ẹ̀fọn dé òkè kò tíì sọ ọ́ di ewu. Bí ó bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní dẹ́ńgì lónìí, kò lè kó o ran ẹlòmíràn lọ́la. Fáírọ́ọ̀sì náà ní láti kúrò nínú ikùn rẹ̀, kó rìn káàkiri ara rẹ̀, kó dé ibi tí itọ́ rẹ̀ ti ń sun. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ó ní láti pọ́n. Níbi tí ooru bá wà láàárín dígíríì 25 sí 28, ó ń gbà tó ọjọ́ 8 sí 12. Bí ọjọ́ bá tutù jù bẹ́ẹ̀, ó ń pẹ́ sí i. Ẹ̀fọn fúnra rẹ̀ kì í sì í lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ láyé. Ibi tí òtútù bá ti mú dáadáa, ẹ̀fọn á ti kú kí ohun inú rẹ̀ tó pọ́n, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbẹ láìpọ́n. Ohun tó ń ṣọ́ àwọn ará Kathmandu láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹ̀fọn kò lè débẹ̀. Àkókò ni kì í tó o.

Àkókò ọ̀hún ti wá ń tó o báyìí. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́ ní Nepal ṣe ìṣirò láti 1971 sí 2014, wọ́n rí i pé ooru ọ̀sán ń fi ìdajì dígíríì àti díẹ̀ lé sí i ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ lè ní, kí ni ìdajì dígíríì? Lójú yín àti lójú mi, kò tó ohun tí ènìyàn ń bọ́ súwẹ́tà sí. Ṣùgbọ́n fún kòkòrò tí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni gbogbo ayé rẹ̀, bí ohun inú rẹ̀ bá fi ọjọ́ méjì yá pọ́n, ọjọ́ méjì yẹn ló kù fún un láti fi jẹ ènìyàn.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ojú ọjọ́ tó ń gbóná ló fa gbogbo rẹ̀. Èmi gbà pé ó ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n n kò gbà pé òun nìkan ló wọlé. Ẹ bi Ọlá bí omi ṣe ń wá ní ilé tó ń gbé. Kathmandu ti tóbi ju omi rẹ̀ lọ. Omi ẹ̀rọ ń wá fún wákàtí díẹ̀, ó tún di ọjọ́ mìíràn. Ọkọ̀ tó ń gbé omi tà ni ọ̀pọ̀ ń dá dúró. Wọ́n ṣe iṣẹ́ ńlá kan láti fa omi odò Melamchi gba inú ihò òkè wọ ìlú náà, omi sì dé ní 2021. Ní ọdún kan náà ni àkúnya omi ba ojúsun iṣẹ́ náà jẹ́. Kí ni onílé fẹ́ ṣe? Ó ra àgbá, ó ra tánkì, ó gbé e sórí òrùlé, ó gbé òmíràn sí bálùwẹ̀. Ìlú tí òùngbẹ ń gbẹ náà wá di ìlú tí omi wà níbi gbogbo, omi tó dúró, tó mọ́, tí a kò bò. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀fọn, mi ò ní bẹ̀bẹ̀ fún ju ìyẹn lọ.

Ẹ wá wo bó ṣe yára tó. Ní 2004 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ dẹ́ńgì sílẹ̀ ní Nepal, ní Chitwan, nísàlẹ̀. Ní 2006, àjàkálẹ̀ rẹ̀ kékeré kan jà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di 2019, 17,992 ènìyàn ló mú, ènìyàn 6 sì kú. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 2022, 54,784 ló mú, ènìyàn 88 ló gbé lọ. Ó dé gbogbo ẹkùn ìjọba ìbílẹ̀ Nepal, mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, láìku ọ̀kan, àfonífojì Kathmandu ló sì gbọgbẹ́ jù. Ní 2023 ó tún mú 51,243, ó pa 20. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ló máa ń le jù, nítorí náà Ọlá bọ́ sí àárín rẹ̀ gan-an ni. Nígbà òtútù, ẹ̀fọn á kú, ẹyin á dúró.

Nepal kò dá nìkan wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń wá ẹ̀fọn yìí kiri ti bá a ní ibi tó ga tó 2,000 mítà ní Nepal, wọ́n sì ti bá a ní ìlú Cochabamba ní Bolivia, níbi tó lé ní 2,500 mítà.

Ní ti Jos, mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ bá bàbá yín jiyàn díẹ̀. Ìlú yín àti Kathmandu kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ ní gíga. Jos lé ní 1,200 mítà. Ọyẹ́ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọyẹ́ kì í wà láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Ìyá Ọlá, bóyá ẹ̀yin fúnra yín ṣì wà lọ́wọ́ ìyá yín nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀: ní 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà, ibà pọ́njú bẹ́ sílẹ̀ lórí òkè Jos. Ojú ń pọ́n, àwọn ènìyàn ń bì ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì láti Yunifásítì Ìbàdàn gbéra lọ síbẹ̀, wọ́n ń mú ẹ̀fọn láti mọ èyí tó ń gbé e. Ìbátan Aedes aegypti ni wọ́n na ìka sí, èyí tó ń yé ẹyin sínú ihò igi tí omi òjò dúró sí. Bí àwọn àgbàlagbà Ògbómọ̀ṣọ́ ní Jos bá ṣì wà tí wọ́n rántí bí wọ́n ṣe ń tò láti gba abẹ́rẹ́, ẹ bi wọ́n. Òkè kò gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀fọn nígbà náà, kí ọ̀rọ̀ ìgbóná ayé tó di ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ.

Ní ti Kérésì, n kò bẹ̀rù pé Ọlá yóò gbé dẹ́ńgì wá sílé. Dẹ́ńgì ti wà nílé. Láàárín 1964 sí 1968 ni wọ́n ti rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ibà ń ṣe ní Ìbàdàn. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni òun àti máláríà ń gbà wọlé, máláríà là sì ń kí. Ènìyàn lo oògùn máláríà, ibà rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kẹfà, ó ní oògùn náà dára. Bẹ́ẹ̀ ibà ọ̀hún ti fẹ́ lọ fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ yín ni pé bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá ní kì í ṣe máláríà, ẹ má bínú sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má sì ṣe lọ ra oògùn máláríà bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ bi í léèrè pé kí ni ó wá jẹ́?

Dẹ́ńgì kì í ranni nípa ikọ́, tàbí àwo oúnjẹ, tàbí dídì mọ́ ara ẹni. Àfi kí ẹ̀fọn jẹ ẹni tí ibà rẹ̀ ṣì wà lára, kó dúró kí ohun inú rẹ̀ pọ́n, kó tó jẹ ẹlòmíràn. Ọlá ti gbádùn láti oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí Kérésì bá fi dé, kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí ẹ̀fọn Jos yóò mu. Kó gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ̀n bó bá ṣe fẹ́.

Kó sì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo fi sọ tẹ́lẹ̀ nípa ọmọ ìyá mẹ́rin ni kó fi ṣọ́ra. Kó máa wọ aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kó máa fi ìpara tó ń lé ẹ̀fọn pa ara láti oṣù kẹfà títí dé ìkọkànlá, kó fi àwọ̀n sí fèrèsé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wà tó ń jẹ́ Qdenga. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ẹni bíi Ọlá gan-an, tó ti ní dẹ́ńgì lẹ́ẹ̀kan tó sì ń lọ síbi tó wà, ni wọ́n fọkàn sí láti fún un. Kó bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n àgbá omi ilé rẹ̀ ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Kí ó bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ó bá rí tanwíjí tó ń jó nínú rẹ̀, dída omi náà nù nìkan kò tó, ẹyin ṣì wà lára ògiri àgbá. Kó fi kànìnkànìn àti ọṣẹ ha inú rẹ̀ yí po lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ẹ̀yin náà, kí Ọlá tó dé, ẹ yí inú ilé yín ká. Ẹ wo ẹ̀yìn fìríìjì: àwo pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí omi yìnyín ń kán sí. Ní ọdún kan, ẹ̀fọn ọ̀sán ń jẹ mí lẹ́sẹ̀ nílé ara mi, èmi tí mo ń gba owó oṣù lórí ẹ̀fọn. Mo tú àgbá wò, mo tú ìkòkò òdòdó wò, mo gun òrùlé, n kò rí nǹkan kan. Mo ti ń sọ pé láti ilé aládùúgbò ni wọ́n ti ń wá, mo tilẹ̀ ti bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ tó le díẹ̀. Ìyàwó mi ló fa fìríìjì síwájú láti gbálẹ̀, tó sì pè mí pé kí n wá wo ohun tó ń jó nínú àwo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí kí n tó lè lọ bẹ aládùúgbò mi.